Ọ̀fẹ́ Tí A So Okùn Mọ́ Lọ́rùn: Ohun Tí Mo Rí Nínú Géèmù Skate Tuntun

Àwọn baba wa máa ń sọ pé ẹni tí yóò dá aṣọ fún ni, ti ọrùn rẹ̀ ni à ń kọ́kọ́ wò. Ní ọjọ́ kẹrìndínlógún oṣù Kẹsàn-án ọdún 2025, ilé-iṣẹ́ Electronic Arts, tí ayé mọ̀ sí EA, ṣí ilẹ̀kùn géèmù tuntun kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Skate sílẹ̀ fún ẹnikẹ́ni tí ó bá fẹ́ gbá a. Wọ́n ní ọ̀fẹ́ ni, pé àwọn kò ní gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ènìyàn kí ó tó wọlé. Ariwo ayọ̀ sọ láàárín àwọn ọ̀dọ́, nítorí pé ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún gbáko ni wọ́n ti fi ń retí rẹ̀. Èmi náà gbọ́, mo sì lọ wò ó. Ohun tí mo rí ni mo fẹ́ bá ẹ̀yin òǹkàwé wa sọ lónìí, n kò sì ní fi ọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n sọ. Géèmù náà dùn, ṣùgbọ́n ọ̀fẹ́ rẹ̀ kì í ṣe ọ̀fẹ́. Okùn wà lọ́rùn rẹ̀, ẹni tí ó sì di okùn náà mú kò sí ní Akínyẹlé, kò tilẹ̀ sí ní Nàìjíríà rárá.

Kí n tó tẹ̀ síwájú, ó yẹ kí n ṣàlàyé díẹ̀ fún àwọn àgbà tí ó lè máa bi ara wọn pé kí ni ọmọkùnrin yìí ń sọ. Skateboard ni pákó pẹlẹbẹ kan tí ó ní táyà kéékèèké mẹ́rin nísàlẹ̀. Ẹni tí ó ń gùn ún yóò gbé ẹsẹ̀ kan lé e, yóò fi èkejì ti ilẹ̀, pákó náà yóò sì máa yí lọ. Àwọn tí ó mọ̀ ọ́n gùn dáadáa máa ń fò sókè ti àwọn ti pákó wọn, wọ́n sì máa ń fi í yọ̀ bọ̀ lórí irin tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àtẹ̀gùn. Eré ìdárayá gidi ni; wọ́n ti ń díje nínú rẹ̀ ní Òlíńpíìkì láti ìgbà ti ìlú Tokyo tí ó wáyé ní ọdún 2021. Géèmù Skate ni èyí tí wọ́n fi gbé eré yìí sí ojú tẹlifíṣọ̀n. Àkọ́kọ́ jáde ní ọdún 2007, èkejì ní 2009, ẹ̀kẹta ní 2010. Láti ìgbà náà ni àwọn olólùfẹ́ rẹ̀ ti ń pariwo lójú òpó EA pé àwọn fẹ́ ẹ̀kẹrin. Èyí tí ó dé yìí ni ìdáhùn. Ẹ̀ka EA kan tí ń jẹ́ Full Circle, ní ìlú Vancouver ní ilẹ̀ Kánádà, ni ó ṣe é, wọ́n sì ti sọ ọ́ ní gbangba pé àwọn ò tíì parí rẹ̀, pé àwọn ṣì ń kọ́ ọ lọ́wọ́.

Ilé ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, ní abúlé kan tí kò jìnnà sí Mọ́níyà, ni mo ti gbá a. Ẹni tí ó bá mọ ọ̀nà Ọ̀yọ́ yóò mọ agbègbè náà. Ẹ ó kọjá Òjóò, ẹ ó kọjá ọgbà IITA, ẹ ó sì dé Mọ́níyà tí ó jẹ́ olú ìjọba ìbílẹ̀ Akínyẹlé, níbi tí ibùdókọ̀ ojú irin Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ti ń gba èrò láti ọdún 2021. Bí ẹ bá yà kúrò lójú títì, tí ẹ gun ọ̀kadà fún ìṣẹ́jú díẹ̀, ẹ ti bọ́ sí àárín oko ẹ̀gẹ́ àti àgbàdo. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, tí ó ń kàwé ní yunifásítì, ní ẹ̀rọ PlayStation 4 kan tí ó rà ní tòkunbọ̀. Odindi òru méjì ni ó fi gba géèmù náà wọlé láti orí íntánẹ́ẹ̀tì, nítorí pé òru ni dátà máa ń dín lówó, òru náà sì ni nẹ́tíwọ́ọ̀kì máa ń fara rọ.

Nígbà tí ó gbé páàdì lé mi lọ́wọ́, mo rò pé máa kàn gbá a fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni. Irọ́ ni mo ń pa fún ara mi. Nínú géèmù bọ́ọ̀lù tí gbogbo wa mọ̀, bọ́tìnnì ni a ń tẹ̀, ẹni tí ó wà lójú tẹlifíṣọ̀n yóò sì ṣe ohun tí a wí. Nínú Skate, igi kékeré tí ó wà lápá ọ̀tún páàdì ni ẹsẹ̀ ẹni. Bí ènìyàn bá fà á sẹ́yìn tí ó sì ta á síwájú lójijì, pákó yóò fò. Bí ó bá ta á ní ẹ̀gbẹ́, pákó yóò yí po lófuurufú. Bí ọwọ́ kò bá gún, èèyàn inú géèmù yóò ṣubú lulẹ̀ gbì, ẹ ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ gbọ́ ọ nínú egungun tiyín. San Vansterdam ni orúkọ tí wọ́n sọ ìlú inú rẹ̀, àdúgbò mẹ́rin ni ó wà níbẹ̀, ènìyàn lè sọ̀ kalẹ̀ lórí pákó kí ó gun ògiri, kí ó dé orí òrùlé, kí ó sì já ara rẹ̀ sílẹ̀ láti òkè. Èèyàn tó 150 ni ó lè wà nínú ìlú kan náà pọ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Láàárín ìdajì wákàtí, mo ti gbàgbé pé mo ti lé ní ogójì ọdún. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ń rẹ́rìn-ín, ìyá rẹ̀ ń pè wá láti wá jẹun, kò sí ẹni tí ó dá a lóhùn nínú wa.

Lẹ́yìn náà ni nẹ́tíwọ́ọ̀kì lọ.

Iná kò lọ o. Jẹnẹrétọ̀ kékeré tí ó wà lẹ́yìn ilé ṣì ń dún, tẹlifíṣọ̀n ṣì ń tàn, ẹ̀rọ géèmù náà kò sì ní àrùn kankan. Ṣùgbọ́n eré parí. Ọmọ náà mú fóònù rẹ̀, ó lọ dúró lórí òkìtì kan lẹ́bàá ibi tí wọ́n ń sá láfún sí, ó na ọwọ́ sókè bí ẹni tí ń bẹ òjò. Kò sí nǹkan. A dúró títí ilẹ̀ fi ṣú. Mo mọ̀ pé kì í ṣe EA ni ó já nẹ́tíwọ́ọ̀kì abúlé wa, n kò sì ní di ẹrù ẹlòmíràn lé wọn lórí. Ohun tí ó jẹ́ ẹrù tiwọn ni pé wọ́n mọ̀-ọ́n-mọ̀ kọ́ ìlú kan tí ẹni tí ó dá wà, tí kò bá ẹnikẹ́ni díje, tí ó kàn fẹ́ gun pákó rẹ̀ jẹ́ẹ́jẹ́, kò lè wọ̀ bí kò bá sí íntánẹ́ẹ̀tì. Wọn kò fi èyí pamọ́. Wọ́n ti sọ ọ́ ṣáájú kí géèmù náà tó jáde pé ìlú alààyè ni San Vansterdam, pé ó ń yí padà láti ìgbà dé ìgbà, pé nítorí náà dandan ni kí ènìyàn wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì nígbà gbogbo.

Èmi fúnra mi kò kọ́kọ́ rí pákó onítáyà ní òde. Inú síídì ni mo ti rí i. Nígbà tí mo wà ní ọ̀dọ́mọdé ní Ìbàdàn, ilé géèmù kan wà ní àdúgbò wa tí a ti ń san owó kékeré láti gbá bọ́ọ̀lù lórí PlayStation. Ọjọ́ kan ni ẹni tí ó ni ibẹ̀ mú síídì Tony Hawk dé. Kò sí ẹni tí ó mọ orúkọ àrà tí a ń dá nínú wa, a kàn ń fò ni. Síídì yẹn kan náà ni mo yá gbé lọ sí ilé ẹ̀gbọ́n bàbá mi, òun ni ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá mi gbé lọ sí ilé-ìwé, a kò sì rí i gbà padà mọ́ nítorí pé ó ti dé ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn. Ó họ, ó gbó, a fi aṣọ àti omi nù ún, ó sì tún ń ṣiṣẹ́. Kò sí ẹnì kan ní Amẹ́ríkà tí ó mọ̀ pé síídì yẹn wà ní Ìbàdàn. Kò sì sí ẹni tí ó lè pa á lọ́wọ́ wa.

Akínyẹlé gan-an ni ó yẹ kí ayé ti wá kọ́ ìyàtọ̀ tí ó wà nínú ọ̀rọ̀ yìí. Láti ọdún 1967 ni wọ́n ti dá IITA sílẹ̀, tí àwọn onímọ̀ ibẹ̀ sì ń mú irú ẹ̀gẹ́ tuntun jáde, irú èyí tí àrùn kì í tètè mú, tí ó sì máa ń ta ju ti àtijọ́ lọ. Báwo ni ẹ̀gẹ́ náà ṣe dé oko àwọn ènìyàn wa? Kì í ṣe gbogbo àgbẹ̀ ni ó wọ ọgbà IITA. Ẹnì kan ni ó gba igi ẹ̀gẹ́ díẹ̀, ó gbìn ín, nígbà tí ó sì wu ẹ̀gẹ́ rẹ̀ tán, ó gé igi rẹ̀, ó tún gbìn nínú rẹ̀, ó sì di ìdì kan fún àna rẹ̀. Àna rẹ̀ fún ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní abúlé kejì. Bẹ́ẹ̀ ni ó ṣe ń lọ. Kò sí ẹni tí ó ní láti tẹ onímọ̀ kankan láago ní àràárọ̀ láti tọrọ àyè kí ẹ̀gẹ́ rẹ̀ tó hù. Bí ọgbà náà bá tilẹ̀ ti ilẹ̀kùn pa lọ́la, ẹ̀gẹ́ tí ó ti jáde kò ní gbẹ nínú oko ẹnikẹ́ni.

Àwọn àgbẹ̀ kan náà mọ irúgbìn mìíràn, èyíinì ni àgbàdo aládàpọ̀ tí à ń rà nínú ọ̀rá. Ní ọdún àkọ́kọ́, ó máa ń so gan-an. Ṣùgbọ́n bí ènìyàn bá tọ́jú nínú ọmọ rẹ̀ tí ó tún un gbìn ní ọdún kejì, kò ní so bẹ́ẹ̀ mọ́. Ọ̀dọ̀ ẹni tí ó tà á ni yóò padà lọ. Àwọn kan gbà pé ó tọ́ bẹ́ẹ̀, àwọn kan kò gbà. Ṣùgbọ́n gbogbo wọn ni wọ́n mọ ohun tí wọ́n ń rà, èyí tí wọ́n sì ti ká lọ́dún yìí ti wà nínú àká wọn, kò sí ẹni tí yóò wá kó o. Síídì Tony Hawk wa dà bí igi ẹ̀gẹ́. Skate tuntun kò tilẹ̀ dà bí àgbàdo aládàpọ̀. Ó dà bí àgbàdo tí ó ń padà sínú ọ̀rá rẹ̀ nígbàkígbà tí ẹni tí ó tà á bá yí ojú sí ibòmíràn.

Ẹ jẹ́ kí a wá sọ̀rọ̀ owó, nítorí pé ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ọ̀fẹ́ ti ń rí ojú ọ̀pọ̀ ènìyàn fọ́. Òtítọ́ ni pé géèmù tí wọ́n ń tà kò ṣe é súnmọ́ fún wa. Tony Hawk's Pro Skater 3 + 4, tí wọ́n tún ṣe tí ó sì jáde ní oṣù Keje ọdún 2025 kan náà, 49.99 dọ́là ni wọ́n dá lé e. Kí náírà tó já bọ́ ní oṣù Kẹfà ọdún 2023, dọ́là kan kò tó 500 náírà. Ní ọdún 2025, ó ti ń lọ sí nǹkan bí 1,500. Nígbà náà, géèmù kan ṣoṣo ju 70,000 náírà lọ, èyí tí í ṣe owó oṣù tí ó kéré jù lọ tí òfin orílẹ̀-èdè yìí fọwọ́ sí ní ọdún 2024. Ẹni tí ebi ń pa kò ní bi ẹni tí ó fún un ní oúnjẹ lọ́fẹ̀ẹ́ ní ìbéèrè púpọ̀. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀, EA náà sì mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ ṣe ìṣirò rẹ̀ dáadáa. Dátà tí a fi gba géèmù náà wọlé, owó ni. Dátà tí ó ń jẹ ní gbogbo ìṣẹ́jú tí a bá wà nínú rẹ̀, owó ni. Gbogbo àtúnṣe tí wọ́n bá tún fi ránṣẹ́ láàárín oṣù sí oṣù, nígbà tí wọ́n ṣì ń kọ́ ìlú wọn lọ́wọ́, owó ni. Ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2025, àjọ NCC tí ń bójú tó ọ̀rọ̀ ìbánisọ̀rọ̀ gbà fún àwọn ilé-iṣẹ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì láti fi tó ìdá 50 nínú ọgọ́rùn-ún kún iye tí wọ́n ń gbà. Nígbà tí ènìyàn bá sì wọlé tán, ọjà ti wà níbẹ̀ tí ó ń dúró dè é. Wọ́n ní owó tiwọn tí wọ́n ń pè ní San Van Bucks, owó gidi ni a sì fi ń rà á. Òun ni a fi ń ra aṣọ, bàtà àti pákó aláràbarà fún ẹni tí a ń gbá. Mo gbọ́dọ̀ sọ òtítọ́ fún wọn níhìn-ín: wọn kò ta agbára, ẹni tí ó ra bàtà kò ní fò ju ẹni tí kò rà lọ. Síbẹ̀, ẹ bi ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún tí ó wà láàárín 150 ènìyàn, tí aṣọ tiẹ̀ nìkan kò ní àrà, bóyá ó gbà pé aṣọ kò já mọ́ nǹkan.

Ó dára, ẹ jẹ́ kí a ní ọmọ náà rí owó, ó ra bàtà. Ta ni ó ni bàtà yẹn? Ohun tí ó ń mú mi bínú jù lọ nìyí. Gbogbo wa ni a mọ bí ọ̀rọ̀ ayálégbé ti rí ní Ìbàdàn. Ayálégbé lè kun ògiri, ó lè ra kọ́tìnnì, ó lè fi owó rẹ̀ tún fèrèsé ṣe, ọjọ́ tí onílé bá mú ìwé ìléjáde wá, ògiri tí ó kùn yóò dúró níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ayálégbé a máa kó bẹ́ẹ̀dì àti aṣọ rẹ̀ lọ. Ọmọ tí ó ra bàtà ní San Vansterdam kò lè kó o lọ síbì kankan. Ọjọ́ tí EA bá pa àwọn kọ̀ǹpútà ńlá tí ó gbé ìlú náà dúró, bàtà, aṣọ, pákó, àti gbogbo àrà tí ó fi ọ̀pọ̀ oṣù kọ́ yóò lọ pọ̀.

Bí ẹnikẹ́ni bá rò pé àsọdùn ni, kí ó bi àwọn tí ó ra The Crew. Géèmù ọkọ̀ ni, ilé-iṣẹ́ Ubisoft ti ilẹ̀ Faransé ni ó gbé e jáde ní ọdún 2014. Àwọn ènìyàn fi owó gidi rà á; ẹlòmíràn ra síídì rẹ̀ nínú páálí. Ẹnì kan lè dá wà nínú rẹ̀ kí ó máa wa ọkọ̀ yí ilẹ̀ Amẹ́ríkà ká, ṣùgbọ́n wọ́n so ó mọ́ kọ̀ǹpútà ilé-iṣẹ́ náà gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti so Skate yìí. Ní ọjọ́ kọkànlélọ́gbọ̀n oṣù Kẹta ọdún 2024, Ubisoft pa á. Síídì tí ó wà lọ́wọ́ àwọn tí ó rà á di ike lásán lọ́jọ́ náà. Ìbínú ọ̀rọ̀ yìí ni ó bí ìpolongo Stop Killing Games, tí ọmọ Amẹ́ríkà kan tí ń jẹ́ Ross Scott bẹ̀rẹ̀. Ní oṣù Keje ọdún 2025, àwọn ará Yúróòpù tí ó lé ní mílíọ̀nù kan ti fọwọ́ sí ìwé ẹ̀bẹ̀ rẹ̀ pé kí òfin má gbà kí ẹni tí ó ta géèmù tún pa á lẹ́yìn tí ó ti gba owó. Ní ìpínlẹ̀ California, láti ọjọ́ kìn-ín-ní ọdún 2025, òfin ti kọ̀ fún olùtajà orí íntánẹ́ẹ̀tì láti máa sọ fún oníbàárà pé ó "ra" ohun tí wọ́n lè gbà lọ́wọ́ rẹ̀, àfi bí wọ́n bá ṣàlàyé fún un kedere pé àyè àtilò nìkan ni ó gbà. Ní ọ̀dọ̀ tiwa ńkọ́?

Kódà wọ́n ti fẹnu kò pé kí onílé náà yí padà. Ọ̀sẹ̀ méjì péré lẹ́yìn tí Skate jáde, ní ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n oṣù Kẹsàn-án, EA kéde pé àwọn ti gbà láti ta ilé-iṣẹ́ náà fún àpò ìdókòwò ìjọba Saudi Arabia àti àwọn ilé-iṣẹ́ méjì kan ní Amẹ́ríkà, Silver Lake àti Affinity Partners, ní bílíọ̀nù 55 dọ́là. Nǹkan bí bílíọ̀nù 20 nínú owó náà, gbèsè ni wọ́n fẹ́ jẹ. N kò bá ẹnikẹ́ni jà nítorí pé ó ra ilé-iṣẹ́. Ṣùgbọ́n gbogbo ayálégbé ni ó mọ ohun tí ó máa ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí wọ́n bá fi gbèsè ra ilé tí ó ń gbé. Onílé tuntun yóò ka yàrá, yóò wo èyí tí kò mú owó wọlé, yóò sì lé ẹni tí ó wà níbẹ̀. Ìlú tí wọ́n ń gbá lọ́fẹ̀ẹ́ ni yóò kọ́kọ́ wò.

Mo mọ ohun tí àwọn kan yóò sọ. Wọn yóò ní kí ni ó kan ọmọ àgbẹ̀ ní Akínyẹlé pẹ̀lú pákó onítáyà, pé kí ó lọ roko. Ẹni tí ó bá sọ bẹ́ẹ̀ kò tíì wo ọmọ àgbẹ̀ dáadáa. Kí òyìnbó kankan tó ta skateboard fún wa ni àwọn ọmọ abúlé ti ń kó bíárìn àlòkù jọ lọ́dọ̀ mẹkáníìkì, tí wọ́n ń kàn án mọ́ abẹ́ pákó, tí wọ́n sì ń fi í sáré lórí ilẹ̀ tí wọ́n rẹ́ ní iwájú ṣọ́ọ̀ṣì tàbí mọ́ṣáláṣí. Ìfẹ́ náà ti wà lára wọn tẹ́lẹ̀. Ní Accra, wọ́n ti kọ́ pápá fún un, èyí tí wọ́n ń pè ní Freedom Skatepark, tí wọ́n ṣí ní oṣù Kejìlá ọdún 2021. Ní Èkó, WAFFLESNCREAM ti sọ gígun pákó di àṣà àwọn ọ̀dọ́ débi pé wọ́n dá ṣọ́ọ̀bù sílẹ̀ fún un. Ṣùgbọ́n abúlé tí mo sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí, ilẹ̀ pupa ni ọ̀nà rẹ̀, òjò ti wọ́ ọ, kò sí ibi tí táyà kékeré lè yí sí ju ìwọ̀n yàrá méjì lọ. Ojú títì kan ṣoṣo tí ó dán tí ọmọ ibẹ̀ lè rí gùn ni èyí tí ó wà nínú géèmù. Òun ni wọ́n wá gbé ìdènà sí.

Àwọn mìíràn yóò ní àwa ni a fà á, pé bí a bá ń jí síídì dà kọ, ilé-iṣẹ́ gbọ́dọ̀ wá ọ̀nà dáàbò bo ohun tí ó ni. Kí n jẹ́wọ́: ayédèrú ni ọ̀pọ̀ síídì tí a fi dàgbà, ó sì ṣeé ṣe kí Tony Hawk tiwa náà jẹ́ bẹ́ẹ̀. Kò dára. Ṣùgbọ́n ta ni yóò jí ohun tí wọ́n ń pín lọ́fẹ̀ẹ́? Bí wọ́n bá fẹ́ máa ta bàtà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kí wọ́n máa tà á lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Bí àwọn ọ̀rẹ́ bá fẹ́ pàdé ara wọn ní San Vansterdam, kí wọ́n pàdé níbẹ̀. Kò sí èyí tí ó ní kí ẹni tí ó fẹ́ dá gùn má lè gùn. Skate mẹ́ta àkọ́kọ́ ní apá tí a ti ń bá ẹlòmíràn gbá lórí íntánẹ́ẹ̀tì, síbẹ̀ ẹni tí kò ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì kankan lè ki síídì rẹ̀ bọ ẹ̀rọ kí ó sì máa gbá a lọ. Ohun tí wọ́n mọ̀ ọ́n ṣe ní ọdún 2007, wọn kò lè wá sọ fún wa ní 2025 pé kò ṣeé ṣe.

Nítorí náà, ohun tí mo ń béèrè kò pọ̀. Kí EA ṣí apá kan ìlú náà sílẹ̀ fún ẹni tí kò ní íntánẹ́ẹ̀tì, kódà kí ó jẹ́ àdúgbò kan ṣoṣo nínú mẹ́rin. Wọ́n ṣì ń kọ́ ọ lọ́wọ́, wọn kò lè sọ pé ó ti bọ́ sórí. Kí wọ́n sì kọ ọ́ sílẹ̀ láti ìsinsìnyí pé ọjọ́ tí wọn kò bá fẹ́ ṣe é mọ́, wọn yóò fi èyí tí ó kù sílẹ̀ lọ́wọ́ àwọn tí ń gbá a.

Kí ìjọba tiwa náà má sọ pé ọ̀rọ̀ ọmọdé ni. Òfin ìdáàbòbò oníbàárà ti ọdún 2018 wà nílẹ̀, àjọ FCCPC sì ti fi hàn pé òun kò bẹ̀rù ilé-iṣẹ́ ńlá: ní oṣù Keje ọdún 2024, mílíọ̀nù 220 dọ́là ni wọ́n bu fún Meta, ìgbìmọ̀ ìdájọ́ sì ti ìpinnu náà lẹ́yìn ní oṣù Kẹrin ọdún 2025. Àjọ tí ó lè dojú kọ Facebook lè kọ̀wé sí ẹni tí ń ta bàtà orí afẹ́fẹ́ fún àwọn ọmọ wa, kí ó bi í pé ọdún mélòó ni bàtà náà yóò fi wà.

Ẹ̀yin ọmọ wa tí ẹ ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣe géèmù, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín ju gbogbo wa lọ. Ní Èkó, láti ọdún 2012 ni Maliyo Games ti ń ṣe géèmù orí fóònù, wọ́n sì ti fi káàdì Whot tí gbogbo ilé mọ̀ ṣe ọ̀kan. Ọ̀nà wà. Ẹ ṣe èyí tí ọmọ Ìjàyè àti ọmọ Onídùndú lè gbá nígbà tí dátà bá tán. Ẹ̀wù àgbàbọ̀ kì í yẹ ọmọ ènìyàn. Bí kò fún ni lápá, a máa ṣo ni lọ́rùn.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, kí n tó padà sí ìgboro, mo bi ọmọ ẹ̀gbọ́n mi bóyá ó máa pa géèmù náà rẹ́ kúrò nínú ẹ̀rọ rẹ̀, nítorí pé àyè tí ó gbà pọ̀. Ó ní rárá, òun yóò tún dán an wò ní òru, bóyá nẹ́tíwọ́ọ̀kì á wá. Ó tún sọ pé bí òun bá ti pa á rẹ́, òun kò ní owó dátà tí òun yóò fi gbà á wọlé lẹ́ẹ̀kejì. Ọ̀fẹ́ tí wọ́n fún un nìyẹn o.